Fọ́tò kékeré, férémù ńlá

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀:

"Fọ́tò ìyá mi kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Mo yẹ fáìlì náà wò, 960 sí 1,280 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ínǹṣì 16 sí 20 kí n gbé e kọ́ sára ògiri. Ẹni tó fẹ́ bá mi tẹ̀ ẹ́ ní dpi rẹ̀ ti kéré jù, pé 72 ni, kí n lọ sọ ọ́ di 300 kí n tó padà wá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Fáìlì náà tóbi sí i lóòótọ́, àmọ́ ojú ìyá mi wá dà bí ìgbà tí èéfín bò ó. Ṣé ó ṣì ṣeé tẹ̀ báyìí?"

Ó ṣeé tẹ̀, yóò sì dùn ún wò. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn yín lè balẹ̀, torí fọ́tò ìyá ẹni kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré. Àmọ́ sísọ 72 di 300 kọ́ ló máa ṣe é, kì í sì í ṣe áàpù olówó gọbọi kankan. Ibi tí ẹni tó ń wo fọ́tò náà máa dúró sí ló ṣe pàtàkì jù, lẹ́yìn ìyẹn ni bóyá fáìlì ọwọ́ yín yìí jẹ́ ojúlówó tàbí ẹ̀dà rẹ̀ tó ti rù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ 72 yẹn kúrò lọ́nà, ó ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú láìnídìí. Kò sí ínǹṣì kankan nínú fọ́tò orí kọ̀ǹpútà. Píksẹ́lì ló wà níbẹ̀, àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí wọ́n tò bíi táìlì ilẹ̀, tiyín sì jẹ́ 960 níbùú, 1,280 lóòró. Iye dpi tí wọ́n kọ sínú fáìlì, ìyẹn iye ẹyọ tó yẹ kó wà nínú ínǹṣì kan, kò ju ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ẹrù lọ. Ó kàn ń sọ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bó ṣe máa fún àwọn táìlì náà mọ́ra tó. Bí wọ́n bá kọ 72, fọ́tò yín máa fẹ̀ tó ínǹṣì 13 lórí bébà. Bí wọ́n bá kọ 300, kò ní fẹ̀ ju ínǹṣì mẹ́ta lé díẹ̀ lọ. Táìlì kan náà ni, iye kan náà ni.

Bẹ́ẹ̀ bá ní Photoshop, áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ ṣí Image Size, ẹ máa rí àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ Resample sí. Ẹ yọ àmì inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá yí 72 padà sí 300: 960 àti 1,280 kò ní mì rárá. Ó jọ pé ẹ̀yin fi àmì yẹn sílẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé bí áàpù tiyín ṣe ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, á gbà pé ẹ fẹ́ kí fọ́tò náà ṣì fẹ̀ ní ínǹṣì 13, kí 300 sì wà nínú ínǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ló bá sọ 960 di 4,000, ó sọ 1,280 di 5,333. Píksẹ́lì mílíọ̀nù kan lé díẹ̀ di mílíọ̀nù 21. Níbo ló ti rí ogún mílíọ̀nù tó fi kún un? Ó hùmọ̀ wọn ni. Èéfín tí ẹ rí lójú màmá nìyẹn.

Ìṣirò tó wúlò rọrùn ju ìyẹn lọ. Ẹ fi iye ínǹṣì tí ẹ fẹ́ tẹ̀ pín iye píksẹ́lì tí ẹ ní. Ìrísí bébà 16 sí 20 àti ti fọ́tò yín ò bára mu, torí náà ẹ máa gé píksẹ́lì 80 kúrò lókè tàbí nísàlẹ̀, á wá ku 960 sí 1,200. Ẹ fi 16 pín 960: 60 ni. Píksẹ́lì 60 nínú ínǹṣì kan. Kó tó pé 300 tí ọ̀gá atẹ̀wé ń béèrè, píksẹ́lì kan yín ní láti di 25, ìyẹn ni pé nínú gbogbo 25 tó máa wà lórí bébà, kámẹ́rà ló rí ọ̀kan, kọ̀ǹpútà ló méfò 24.

Ẹ má tíì jẹ́ kí ìyẹn bà yín nínú jẹ́. Ojú èèyàn ni wọ́n ti yọ 300 yẹn, kì í ṣe òfin tó já bọ́ látọ̀run. Ojú tó dá ṣáṣá lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo àárín wọn bá tó ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì kan. Bẹ́ẹ̀ bá di bébà mú bí ẹni ń kàwé, kó jìnnà sí ojú tó sẹ̀ǹtímítà 30, àlàfo yẹn ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Ẹyọ tó máa wọ inú ínǹṣì kan ní irú àyè bẹ́ẹ̀ ń lọ sí bíi 290. 300 kàn jẹ́ èyí tó rọrùn láti rántí nítòsí ibẹ̀, ó sì tọ́ fún fọ́tò tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn wò. Àmọ́ ta ló ń wo férémù ara ògiri bí ẹni ń wo ìwé? Bẹ́ẹ̀ bá sún sẹ́yìn dé mítà kan, 87 ti tó ojú. Ní mítà kan àbọ̀, 58 ti tó. Tiyín jẹ́ 60. Àwọn pátákó ìpolówó gàgàrà ẹ̀bá títì tí ẹ ń kọjá lára wọn, píksẹ́lì tó wà nínú ínǹṣì kan lára ọ̀pọ̀ wọn ò tó tiyín, kò sì sẹ́ni tó ń ráhùn.

Mo ní láti fi ọ̀rọ̀ kan kún un ṣá o. Fọ́tò ìyá ẹni kì í ṣe pátákó ìpolówó. Àlejò á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á ní "màmá yín nìyí?", á sì jókòó. Àmọ́ ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín, àti àwọn ọmọ tí kò bá a láyé, ẹ máa sún mọ́ ọn. Ẹ máa sún mọ́ ọn gan-an. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fọwọ́ sí 16 sí 20 fún fáìlì yìí bó ṣe wà yìí, bí ìṣirò tiẹ̀ gbà á. Mo máa padà síbẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan áàpù kankan, ẹ wá fáìlì àkọ́kọ́. Wákàtí méjì tí ẹ bá fi wá a sàn ju oṣù méjì tí ẹ fẹ́ fi jókòó ti kọ̀ǹpútà. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè yára lọ. Kódà bọ́tìnì HD tí wọ́n fi kún un ní 2023 ṣì ń fún un díẹ̀. Bí orúkọ fáìlì yín bá rí báyìí, IMG, lẹ́yìn náà ọjọ́ tó wọlé, lẹ́yìn náà WA àti nọ́ńbà mẹ́rin, ẹ̀dà tí WhatsApp ti fún ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ká ní fóònù tó ya fọ́tò náà jẹ́ mẹgapíksẹ́lì 12, ìyẹn píksẹ́lì mílíọ̀nù 12, bí ọ̀pọ̀ fóònù ṣe rí láti bí ọdún mẹ́wàá wá, ojúlówó náà á jẹ́ 3,024 sí 4,032. Lórí bébà 16 sí 20, 189 nìyẹn nínú ínǹṣì kan. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, ẹ ò ní nílò ìdá mẹ́rin rẹ̀.

Nítorí náà ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ má bi í pé "ṣé o ṣì ní fọ́tò yẹn?", torí á ní bẹ́ẹ̀ ni, á sì fi ẹ̀dà tiyín yìí gan-an ṣọwọ́ padà sí yín. Ẹ béèrè ẹni tó dì í mú lọ́jọ́ náà, ìyẹn fóònù tàbí kámẹ́rà tí wọ́n fi yà á. Ibo ni fóònù náà wà báyìí? Ó lè wà nínú dúrọ́ọ̀, kí bátìrì rẹ̀ ti kú. Bátìrì tó kú kì í pa fọ́tò. Ẹ wo káàdì mẹ́mórì tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wo Google Photos ẹni náà, torí kódà bó bá yan èyí tí kì í gba àyè púpọ̀, fọ́tò tó bá ju mẹgapíksẹ́lì 16 lọ nìkan ni wọ́n ń sọ di kékeré ní ìwọ̀n, ti mẹgapíksẹ́lì 12 á ṣì pé iye. Bí wọ́n bá rí i, kí wọ́n fi ṣọwọ́ bíi "Document" lórí WhatsApp, kí wọ́n má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, tàbí kí wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́. Kí wọ́n má sì ya ojú fóònù ní screenshot ránṣẹ́ sí yín. Ẹ máa rò pé kò sẹ́ni tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é pọ̀.

Bó bá jẹ́ fọ́tò orí bébà ni ẹnì kan fi fóònù yà kó tó di ti WhatsApp, inú mi á tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá bébà náà. Ẹ nu gíláàsì sikánà mọ́, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ fi dpi 600 kà á wọlé. Fọ́tò ínǹṣì 4 sí 6 á fún yín ní 2,400 sí 3,600. Ẹ má wulẹ̀ lọ sí 1,200. Hóró bébà ni ẹ máa kó wọlé, bébà fọ́tò kì í sábà ní ohun tó jù bẹ́ẹ̀ nínú.

Ká ní ẹ wá a títí, ẹ ò rí i. 960 sí 1,280 nìkan ló kù láyé. Ó ṣì ju òfo lọ. Fọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n kà wọ inú kọ̀ǹpútà, tí Russell Kirsch kà wọlé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1957, ọmọ rẹ̀ jòjòló ló wà níbẹ̀, 176 sí 176 sì ni gbogbo rẹ̀. Tiyín fi nǹkan bí ìlọ́po ogójì jù ú lọ, èèyàn sì ṣì ń wo ti Kirsch kó mọ̀ pé ọmọ ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe nígbà tí ẹ bá ní kó fẹ fọ́tò lójú, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ti lè gbà á gbọ́. Àlàfo ló ń dí. Ọ̀nà tó ya ọ̀lẹ jù ni kó da píksẹ́lì kan kọ sí àlàfo tó wà nítòsí rẹ̀. Ìyẹn ló ń mú kí etí ojú dà bí àtẹ̀gùn. Èyí tó sàn díẹ̀ ń wo píksẹ́lì mẹ́rin tó yí àlàfo náà ká, á pò wọ́n pọ̀. Bicubic, tí ẹ máa rí nínú ọ̀pọ̀ áàpù, ń wo aládùúgbò 16, ó sì ń fún àwọn tó sún mọ́ ọn ní ipò tó ju ti àwọn tó jìnnà lọ. Lanczos ń wo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń mú díẹ̀ ju bicubic, àmọ́ ó lè fa ìlà funfun tín-ín-rín sí etí ohun dúdú. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tó mọ̀ pé ojú ni òun ń wò. Ká ní ojú màmá fẹ̀ ní píksẹ́lì 40 nínú fáìlì yín. Irun ìpéǹpéjú kan ò tó píksẹ́lì kan ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ó ti pò mọ́ awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ látìgbà tí WhatsApp ti fún un. Bicubic á rí píksẹ́lì dúdú díẹ̀ àti ti àwọ̀ awọ díẹ̀, á fi òjìji rírọ̀ sáàárín wọn. Ohun tó rí ló sọ. Olóòótọ́ ni, kò kàn lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ ṣì ni ìméfò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Kámẹ́rà gan-an ń méfò. Láti ìgbà tí Bryce Bayer, onímọ̀ kan ní iléeṣẹ́ Kodak, ti gba ìwé àṣẹ olùhùmọ̀ lọ́dún 1976 lórí àwo aláwọ̀ rẹ̀ tó máa ń bo ibi tí kámẹ́rà ti ń gba ìmọ́lẹ̀, ibi kọ̀ọ̀kan tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, àwọ̀ kan péré ló ń wọ̀n: pupa, tàbí ewéko, tàbí búlúù. Méjì tó kù, ọwọ́ àwọn aládùúgbò ló ti ń yá wọn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo àwọ̀ inú fọ́tò irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ tí ẹ ti ń wò láti ọjọ́ yìí, ìṣirò ni. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí a méfò méjì nínú mẹ́ta àti kí a méfò 24 nínú 25.

Ẹnì kan á sọ fún yín pé kí ẹ máa fẹ̀ ẹ́ ní ìdá mẹ́wàá mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, pé á mú ju kí ẹ fẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo gba èyí gbọ́ rí, mo sì fi alẹ́ púpọ̀ ṣòfò lórí rẹ̀. Ẹ fẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ó wá ku AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá. Láti nǹkan bí 2014 ni àwọn olùwádìí ti ń fi àìmọye fọ́tò ńlá àti ẹ̀dà kékeré wọn kọ́ kọ̀ǹpútà, kó lè mọ irú ohun tó sábà máa ń wà nídìí irú bàìbàì báyìí. Ẹ máa rí i nínú Upscayl, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, nínú Topaz Gigapixel, tí wọ́n ń tà, àti nínú Photoshop fúnra rẹ̀: Preserve Details 2.0 wà níbẹ̀, Super Resolution sì ti wà nínú Camera Raw, apá kan tó bá Photoshop wá, láti oṣù kẹta 2021, òun ń sọ ìbú àti òró di ìlọ́po méjì. Lára aṣọ, lára ògiri, lára ewé igi, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe. Bí ẹ bá ti ń wo etí kọ́là tó rí wúruwùru, tí ẹ wá rí i kó já gaara, ẹnu á yà yín.

Ojú èèyàn ni ìjàngbọ̀n wà. Bicubic kì í sọ ohun tí kò rí. AI ń sọ ọ́, ó sì ń fi ìdánilójú sọ ọ́. Ní oṣù kẹfà 2020, wọ́n fún ètò kan tó ń jẹ́ PULSE, tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Duke ṣe, ní fọ́tò Barack Obama tí wọ́n ti sọ di táìlì gbàǹgbà-gbàǹgbà. Ojú ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan ló gbé jáde, ó já gaara, kò sí àbùkù kan lára rẹ̀. Àwọn áàpù òde òní kì í sábà ṣì í tó bẹ́ẹ̀ yẹn, àmọ́ ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀: inú àwọn ojú tí wọ́n ti rí rí ni wọ́n ti ń ṣa ojú tí wọ́n máa fún yín.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Bàbá mi ní àpá kékeré kan lókè ojú òsì, kò ju hóró ìrẹsì lọ, láti ìgbà èwe rẹ̀. Mo fẹ fọ́tò rẹ̀ kan lójú pẹ̀lú AI, mo sì jẹ́ kó "tún ojú ṣe" bó ṣe pè é. Lójú mi, ó dára. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé e fún àbúrò mi obìnrin. Ó wò ó títí, ó ní, "Ta rèé?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i: áàpù náà ti ka àpá yẹn sí ìdọ̀tí, ó ti nù ún kúrò. Ó ti fa àwọn ìlà kéékèèké etí ojú rẹ̀ na. Ó wá to eyín sí i lẹ́nu, eyín funfun tó dọ́gba, tí bàbá mi ò ní rí látọjọ́ tó ti dáyé. Mílíọ̀nù píksẹ́lì lọ́nà ogún, bàbá mi kò sí nínú wọn.

Torí náà, ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń fẹ fọ́tò kan náà lẹ́ẹ̀méjì sí ìwọ̀n kan náà, bicubic lákọ̀ọ́kọ́, AI lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pè ní Face Recovery, èyí tó ń tún ojú ṣe, ní pípa. Mo máa gbé ti AI lé orí ti bicubic, mo sì máa dín agbára rẹ̀ kù sí bí ìdajì, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ lè máa hàn. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ pa ti AI rẹ́ lójú, ní ẹnu àti níbikíbi tí àmì ara bá wà, títí tó fi máa ku bíi ìdá kan nínú márùn-ún. Ní aṣọ àti ẹ̀yìn, mo máa ń fi í sílẹ̀. Ojú tó rí bàìbàì díẹ̀ lórí aṣọ tó mú kò burú tó bí ẹ ṣe rò. Ojú èèyàn á gba gbogbo rẹ̀ pọ̀, á ní fọ́tò yìí mú. Bẹ́ẹ̀ bá ń ṣe é, ẹ fi fọ́tò màmá mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kí ẹ máa wò ó, torí lẹ́yìn ìṣẹ́jú ogún, ojú ẹni á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà gbọ́.

Kó tó dé ibẹ̀ rárá, ẹ ní láti fọ fáìlì náà. JPEG ni, irú fáìlì fọ́tò tó wọ́pọ̀, JPEG sì máa ń pín fọ́tò sí igun mẹ́rin píksẹ́lì mẹ́jọ sí mẹ́jọ, á ju ohun tó bá rò pé ojú ò ní rí nù nínú igun kọ̀ọ̀kan. Ẹ sún fọ́tò yín mọ́ra dé 400 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ wo ibi tí èjìká ti kan ògiri: ẹ máa rí àwọn igun náà, àti nǹkan bí ẹ̀fọn tó ń fò káàkiri etí aṣọ. Bẹ́ẹ̀ bá fẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú wọn, ẹ̀fọn á di eṣú. AI á tiẹ̀ kà wọ́n sí ọnà ara aṣọ, á sì fi ọ̀wọ̀ yà wọ́n dáadáa. Camera Raw àti ọ̀pọ̀ áàpù ní ibi tí wọ́n ti ń dín ariwo inú fọ́tò kù, ìyẹn irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ lò ó, kí ẹ lò ó jù lórí àwọ̀ ju lórí ìmọ́lẹ̀ lọ, torí inú àwọ̀ ni JPEG ti sábà máa ń ju nǹkan nù jù. Látìgbà tí ẹ bá sì ti ṣí i, ẹ fi pa mọ́ bíi TIFF tàbí PNG. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un tẹ̀ pa mọ́ sí JPEG ni ó tún ń ju díẹ̀ nù.

Ó yá, ìwọ̀n wo? Èmi á tẹ fọ́tò yìí ní ínǹṣì 11 sí 14, màá sì fi páálí funfun yí i ká nínú férémù 16 sí 20. Ẹ fi 11 pín 960: 87. Ẹ rántí 87? Òun ni ojú ń béèrè ní mítà kan. Férémù náà á ṣì tóbi lára ògiri bí ẹ ṣe fẹ́, páálí funfun náà kì í sì í jẹ́ kí èèyàn sún mọ́ ọn ju bó ti yẹ lọ, mi ò mọ bó ṣe ń ṣe é, àmọ́ mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ gé e sí 960 sí 1,222, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ dé 1,980 sí 2,520. 180 nìyẹn nínú ínǹṣì kan, ìlọ́po méjì lé díẹ̀ lóòró àti níbùú. Kò sídìí láti lọ sí 300. Ohun tí ẹ ń fẹ̀ ẹ́ fún ni kí etí táìlì má bàa hàn, ìlọ́po méjì ti bò ó.

Ìgbẹ̀yìn ni ẹ máa ń pọ́n fọ́tò, ìyẹn kí ẹ mú kí etí ohun inú rẹ̀ já gaara sí i, lẹ́yìn tí ó ti dé ìwọ̀n tí ẹ máa tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ bá kọ́kọ́ pọ́n ọn kí ẹ tó fẹ̀ ẹ́, ìlà funfun tó bá yọ létí ohun gbogbo á fẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nínú Unsharp Mask ti Photoshop, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bí 100 fún Amount, 1 fún Radius, 3 fún Threshold. Kó hàn lójú kọ̀ǹpútà bíi pé ó fẹ́ pọ̀ jù díẹ̀. Yíǹkì máa ń tàn sára bébà, á rọ̀ ọ́.

Ohun tó kàn yìí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: ẹ bu hóró lé e. Add Noise, Gaussian, Monochromatic, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Fọ́tò tí a fẹ̀ lójú máa ń dán bíi ike, torí kò sí ohunkóhun nínú awọ ara tó kéré tó bó ṣe yẹ. Ojú tí kò bá rí nǹkan kékeré níbẹ̀ á sọ pé fọ́tò yìí bàìbàì. Bó bá rí hóró iyanrìn tín-ín-tín káàkiri, á gbà pé awọ ni òun ń wò. Ẹ̀tàn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn tí kì í yí ìrísí màmá yín padà ni.

Ẹ yan bébà tí kì í dán, tàbí kánfáàsì bó bá wù yín. Bébà dídán máa ń tú àṣírí. Ẹ sọ fún atẹ̀wé pé ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ ló ti wà nínú fáìlì, kó má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ tún ìmọ́lẹ̀ tàbí mímú rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Bó bá tún sọ̀rọ̀ 300, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó tẹ gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ ègé. Ẹ má tẹ fọ́tò náà ní kékeré o, torí gbogbo fọ́tò ló dára ní kékeré. Ẹ gé ibi tó fẹ̀ ní ínǹṣì 4 sí 6 láti inú fáìlì tó ti dé ìwọ̀n, kó ní ojú méjèèjì, ẹnu, àti etí aṣọ díẹ̀. Ẹ ṣe mẹ́ta: ti bicubic nìkan, ti AI nìkan, àti èyí tí ẹ pò. Ẹ kọ A, B, D sẹ́yìn wọn. Ẹ fi wọ́n mọ́ ògiri tí férémù náà máa wà gan-an, ní gíga tó máa wà, kí ẹ kọ́kọ́ wò wọ́n ní ojúmọmọ, kí ẹ tún padà wò wọ́n lálẹ́ pẹ̀lú iná tí ẹ sábà máa ń tàn níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín wọlé láìsọ ohun tí ẹ ṣe fún un, ẹ ní kó mú ọ̀kan. Èyí tó bá nawọ́ sí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, òun ni kí ẹ gbé lọ tẹ̀.